Ìpadàsípò àti Ìdarí Arábàbà Ìsorọ̀: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Ìfò Lófurufú

1. Ìfáárà

Ìlú Ìlọrin jẹ́ ìlú tí ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ìfò lófurufú jọ ń gbé. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ṣe olóòtú ìwé kejì Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1990. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni ó ṣe olóòtú ìwé kìn-ín-ní ní ọdún 1984. Ní ìlú yìí kan náà ni International Aviation College wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dá sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú. Síbẹ̀, odi kan dúró láàrin ìmọ̀ méjèèjì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé Èdè-Ìperí méjèèjì dá lé lórí. Ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá fún físíìsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Èkó gbé jáde ní ọdún 1993 la ọ̀nà sí apá ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìfò lófurufú ṣì ní ọ̀pọ̀ èrò tí àwọn olùkọ́ kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ìfò, ṣùgbọ́n èdè abínibí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún ara rẹ̀ nínú ọkàn. Bí ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣàlàyé bá ṣì í lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣìnà pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ó ṣì ọ̀rọ̀ túmọ̀ lè padà tún un ṣe; lófurufú, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni àyè tí ó wà fún àtúnṣe.

Arábàbà ìsorọ̀ ni àròkọ yìí mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìrù bí ti ọkọ̀ òfurufú ńlá. Ohun tí ó gbé e ró àti ohun tí ó ń darí rẹ̀ hàn gbangba sí ojú, nítorí náà ó rọrùn láti rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti bá òtítọ́ mu àti ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà.

2. Ìdánwò mẹ́ta fún ọ̀rọ̀-ìperí

Ìdánwò mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí kọ̀ọ̀kan là kọjá. Èkíní ni pé kí ó sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan. Èkejì ni pé kí ó lè bímọ, ìyẹn ni pé kí ó ṣeé ṣe láti fa ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ àti àpólà mìíràn yọ láti inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ tí ó ní ewu, ni pé kí ó má ṣe darí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi tí kò yẹ.

Orúkọ ohun tí àròkọ yìí ń sọ nípa rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbójú sókè ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìlọrin yóò rí àwòdì tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì, tí ó ń yípo lókè láìju apá. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ gbígbóná mú gbóná ni ó ń ru sókè tí ó sì ń gbé e. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú ìfò báyìí: ẹyẹ náà ń rábàbà. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni *arábàbà* ti jáde, èyí tí ó dúró fún ọkọ̀ òfurufú aláìlẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n so ẹni tí ń fò rọ̀ sábẹ́ apá náà, ó di *arábàbà ìsorọ̀*. Ọ̀rọ̀ yìí là ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Orúkọ bí "ọkọ̀ aláṣọ" ì bá sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan, kò sì ní sọ ohun tí ó ń ṣe.

3. Ìtàn kúkúrú

Ọmọ Jámánì kan, Otto Lilienthal, tí wọ́n bí ní ọdún 1848, ni ó kọ́kọ́ fi arábàbà fò léraléra tí ayé sì rí i. Láti ọdún 1891 títí di 1896 ó fò tó ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì. Ní ọdún 1894 ó mọ òkè àtọwọ́dá kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 15 nítòsí Berlin, kí ó lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́ láti ìhà yòówù tí ó bá ti ń fẹ́. Apá rẹ̀ ni ó fi rọ̀ mọ́ arábàbà náà, tí ó ń ju ìdí àti ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn láti darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1896, arábàbà rẹ̀ gbérí jù, apá rẹ̀ pàdánù ìgbésókè, ó sì já bọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejì.

Ní Amẹ́ríkà, Wilbur àti Orville Wright ka ìtàn Lilienthal, wọ́n sì pinnu pé jíju ara nìkan kò tó láti fi darí ọkọ̀. Láàrin ọdún 1900 sí 1902 wọ́n fi arábàbà dán bí apá ṣe lè lọ́ wò, kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnnì sí i ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903. Ní ọdún 1948, Francis Rogallo àti Gertrude aya rẹ̀ ṣe apá aláṣọ tí kò ní egungun líle, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fún ní ìrísí. Ní ọdún 1963, John Dickenson ní ìlú Grafton ní Australia so ènìyàn rọ̀ sábẹ́ irú apá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú okùn ní ojú kan ṣoṣo, ó sì fi ọ̀pá onígun mẹ́ta sí iwájú rẹ̀ fún un láti dì mú. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni arábàbà ìsorọ̀ òde òní ti jáde.

4. Àwọn ipá tí ń bẹ lára arábàbà

Ipá mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ lára arábàbà. *Ìwúwo* ń fà á sílẹ̀. *Ipá ìgbésókè* ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń fún apá bí ó ti ń ṣàn kọjá lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. *Ipá ìfàsẹ́yìn* ni atakò afẹ́fẹ́ sí ìrìn rẹ̀. Ipá kẹrin, *ìtìsíwájú*, tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè, kò sí níhìn-ín. Ohun tí ó ń mú arábàbà rìn síwájú ni pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ ti ń sáré sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láìjẹ́ pé ẹni tí ó gùn ún fẹsẹ̀ wà á. Arábàbà Rogallo ti ìbẹ̀rẹ̀ a máa lọ síwájú ní nǹkan bí mítà 4 fún mítà 1 tí ó bá sọ̀. Ti òde òní lè lọ tó mítà 15. Nítorí náà, láti gíga mítà 100, èkíní yóò dé ibi tí ó jìnnà tó mítà 400, èkejì yóò sì dé mítà 1500, bí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́.

Ojú kan wà tí ènìyàn lè kà sí ibi tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti ènìyàn kó jọ sí. Èyí ni *ojúko ìwúwo*. Bákan náà ni *ojúko ìgbésókè* jẹ́ ibi tí gbogbo ipá ìgbésókè kó jọ sí. Bí méjèèjì bá wà ní òkè ara wọn gan-an, ọkọ̀ wà ní *ìdọ́gba*. Igun tí ó wà láàrin apá àti afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ ni *igun ìpàdé*. Àwọn olùtumọ̀ kan lè fẹ́ lo "igun ìkọlù" nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìjà kò sí níhìn-ín: apá àti afẹ́fẹ́ kàn ń pàdé ni.

5. Ìpadàsípò: ìdí tí "ìdúróṣinṣin" kò fi tó

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu olùtumọ̀ fún *stability* ni "ìdúróṣinṣin". Ọ̀rọ̀ náà dára fún ìwà ènìyàn àti fún ètò ìjọba. Nínú ìfò, ó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ọkọ̀ tí ó wà lófurufú kò dúró, kò sì ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ má mì ín. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti mì ín tán.

Olùkọ́ lè fi igbá àti èkùrọ́ kan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó gbé igbá kalẹ̀, kí ó sì ju èkùrọ́ sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Bí ó bá fi ìka tì í, èkùrọ́ náà yóò yí lọ yí bọ̀, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Kí ó da igbá dé, kí ó sì gbé èkùrọ́ sí orí ìdí igbá náà. Bí ó bá fi ìka kàn án báyìí, yóò yí lọ, kò sì ní padà mọ́. Kí ó gbé e sí orí tábìlì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ: ibi tí ó bá tì í dé ni yóò wà. Èkùrọ́ dúró ní ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìka tó kàn án, nítorí náà "dídúró" kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pípadà. Èyí ni ó mú kí *ìpadàsípò* jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Láti inú rẹ̀ ni *ìdọ́gba apadàsípò*, *ìdọ́gba aláìpadà* àti *ìdọ́gba aláìṣègbè* ti lè jáde fún àwọn ipò mẹ́ta wọ̀nyí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ òfurufú lè gbà kúrò ní ipò rẹ̀. Ó lè gbé orí sókè tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ ba: *ìgbérí-tẹrí*. Ó lè rẹ apá kan sílẹ̀ kí ó gbé èkejì sókè: *ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́*. Ó lè kọ ojú sí òsì tàbí sí ọ̀tún: *ìyíjú*.

Báwo ni arábàbà tí kò ní ìrù ṣe ń padà sípò bí ó bá tẹrí? Àṣírí náà wà nínú apá rẹ̀. Wọ́n fa ṣóńṣó apá méjèèjì sẹ́yìn, tí wọ́n fi wà lẹ́yìn ojúko ìwúwo. Wọ́n sì lọ́ apá náà tí igun ìpàdé ṣóńṣó fi kéré sí ti àárín. Bí arábàbà bá tẹrí, ìgbésókè ṣóńṣó ni ó kọ́kọ́ tán, ó sì lè di ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yìn ni ó wà, bí ó ti ń rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ ni orí ń gbé sókè. Bí ó bá gbérí, ìgbésókè ṣóńṣó a pọ̀ sí i, a gbé ẹ̀yìn sókè, orí a sì padà wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ènìyàn rọ̀ sísàlẹ̀ bí agogo ni arábàbà ṣe ń padà sípò. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ojú kan ni okùn so mọ́, ipá ìgbésókè sì ń tẹ̀ pẹ̀lú apá bí apá bá tẹ̀. Kò sí ọwọ́ kan láti òkè tí ó di arábàbà mú bí òpó ti ń di agogo mú. Nítorí náà, kí olùkọ́ yẹra fún ọ̀rọ̀ bí "ìfì" nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ìpadàsípò.

6. Ìdarí, àti ìdí tí kò fi lè rọ́pò ìpadàsípò

*Ìdarí* ni agbára ẹni tí ń fò láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọkọ̀ kúrò ní ipò kan sí òmíràn. Nínú arábàbà ìsorọ̀, ìwúwo ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ènìyàn bá wọn kílógíráàmù 70, tí apá náà wọn 30, tí ènìyàn sì sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 20, ojúko ìwúwo àpapọ̀ yóò sún ní sẹ̀ǹtímítà 14. Bí ó bá jẹ́ pé kílógíráàmù 30 nínú ara rẹ̀ nìkan ni ó lè jù, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó fi apá rọ̀, sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni. Ìṣirò kékeré yìí fi hàn bí ìsorọ̀ lójú kan ṣe sọ ìdarí di púpọ̀ ju ti ìgbà Lilienthal lọ.

Orúkọ ọ̀pá tí ó wà níwájú ẹni náà gba àkíyèsí. Bí wọ́n bá pè é ní "ọ̀pá ìdarí", akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ alùpùpù gùn yóò rò pé bí òun bá ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ọ̀tún ni òun yóò lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí ó bá ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ara rẹ̀ yóò sún sí òsì. Ojúko ìwúwo yóò tẹ̀lé e. Apá òsì yóò rẹlẹ̀, ọkọ̀ yóò sì yà sí òsì. Ìwúwo ni ó ń darí, ọ̀pá kàn jẹ́ ohun tí ó dì mú láti fi gbé ara rẹ̀ lọ. *Ọ̀pá ìdìmú* ni orúkọ tí kò ní ṣi ọwọ́ lọ́nà.

Irú ewu kan náà wà nínú "fà" àti "tì". Nínú arábàbà ìsorọ̀, ẹni tí ó bá fa ọ̀pá mọ́ra ń mú kí ọkọ̀ tẹrí. Nínú ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ó ní ẹ́ńjìnnì, ẹni tí ó bá fa ọ̀pá mọ́ra ń mú kí ọkọ̀ gbérí. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá pàṣẹ pé "fà á" yóò gba ẹnìkan là, yóò sì pa ẹlòmíràn. Ohun tí ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ ni ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe: "mú kí ó tẹrí" tàbí "mú kí ó gbérí".

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí eré yìí tàn kálẹ̀, ikú àwọn kan kọ́ ayé pé ìdarí kò lè rọ́pò ìpadàsípò. Bí arábàbà aláṣọ ìgbà náà bá tẹrí jù, igun ìpàdé a tán, aṣọ rẹ̀ a máa gbọ̀n bí àsíá, kò sì ní ìgbésókè kankan tí yóò gbé orí rẹ̀ padà. Ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ju ara sẹ́yìn bí ó ti wù ú. Níwọ̀n bí ìgbésókè kò ti sí, ìwúwo rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi tẹ orí ọkọ̀ sókè. Àtúnṣe tí àwọn oníṣẹ́ rí ni láti fi okùn tín-ínrín so etí ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ orí òpó tí ó wà lókè apá, kí etí náà má baà lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí igun ìpàdé bá kéré. *Okùn agbétíró* bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí pé ó ń gbé etí apá ró. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe arábàbà ti ń so ó mọ́ orí ọkọ̀ ilẹ̀ tí ń sáré láti wọn bí ó ṣe ń padà sípò, kí wọ́n tó tà á.

7. Ìpàdánù ìgbésókè

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù lọ fún olùtumọ̀ ni *stall*. Ẹni tí ó mọ mọ́tò mọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ́ńjìnnì tí ó kú lójijì, nítorí náà yóò túmọ̀ rẹ̀ sí "kí ọkọ̀ kú". Nínú ìfò, kò kan ẹ́ńjìnnì rárá; arábàbà tí kò ní ẹ́ńjìnnì náà ń bọ́ sínú rẹ̀. Bí igun ìpàdé bá ti ń pọ̀ sí i ni ìgbésókè ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé nǹkan bí dígírì 15 fún ọ̀pọ̀ apá. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn lókè apá kò lè tẹ̀lé ìrísí rẹ̀ mọ́. A já kúrò lára rẹ̀, ìgbésókè a sì dínkù lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní "ọkọ̀ kú" lọ́kàn yóò máa wá ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá sì ní "ọkọ̀ ń já bọ́" lọ́kàn yóò fẹ́ gbé orí rẹ̀ sókè, èyí tí yóò dá kún un. Ìwòsàn rẹ̀ ni láti mú kí ọkọ̀ tẹrí, kí igun ìpàdé lè dínkù.

"Ìjákulẹ̀ apá" kúrú, ó sì dùn-ún pè, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn rò pé apá já. *Ìpàdánù ìgbésókè* gùn díẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ohun tí ó sọnù gan-an, ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ohun tí ó sọnù ṣeé wá rí. Kì í ṣe ibi ní gbogbo ìgbà. Àwòdì tí ó fẹ́ bà sórí igi a gbé apá rẹ̀ dúró ní òpin, kí eré rẹ̀ lè tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó fẹ́ fi arábàbà balẹ̀ ń ti ọ̀pá ìdìmú síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀.

8. Ìyára méjì

Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, èfúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Òwe yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ físíìsì pípé, bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n lò. Bí àwòdì bá ń lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́, tí èfúùfù kìlómítà 20 sì ń tì í lẹ́yìn, *ìyára lórí ilẹ̀* rẹ̀ jẹ́ 50. Bí ó bá kọjú sí èfúùfù náà, ó di 10. Ṣùgbọ́n *ìyára nínú afẹ́fẹ́* rẹ̀ kò yípadà: 30 ni, òun nìkan sì ni apá mọ̀. Ẹni tí èfúùfù ń tì lẹ́yìn, tí ó wo ilẹ̀ tí ó rò pé eré òun ti pọ̀ jù, tí ó sì gbérí láti dín in kù, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ìgbésókè.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń kọjú sí afẹ́fẹ́ láti gbéra àti láti balẹ̀. Ọ̀nà ìsáré ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin ń jẹ́ 05 ní ìpẹ̀kun kan, 23 ní ìkejì, ìyẹn ni pé ó kọjú sí nǹkan bí dígírì 50 àti 230. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ òjò sì ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé ọ̀nà náà bá àsìkò méjèèjì mu.

9. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí dábàá

Arábàbà: ọkọ̀ òfurufú aláìlẹ́ńjìnnì.
Arábàbà ìsorọ̀: èyí tí ènìyàn rọ̀ sábẹ́ apá rẹ̀.
Igun ìpàdé: igun tí ó wà láàrin apá àti afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀.
Ojúko ìwúwo, ojúko ìgbésókè: ojú tí ìwúwo tàbí ìgbésókè kó jọ sí.
Ìpadàsípò: ìwà ọkọ̀ tí ń padà sí ìdọ́gba fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìmìjìn.
Ìdarí: yíyí ipò ọkọ̀ padà láti ọwọ́ ẹni tí ń fò.
Ìgbérí-tẹrí, ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyíjú: ọ̀nà mẹ́ta tí ọkọ̀ ń gbà yí ipò padà.
Ọ̀pá ìdìmú: ọ̀pá tí ènìyàn dì mú láti fi gbé ìwúwo rẹ̀ lọ.
Okùn agbétíró: okùn tí ń gbé etí ẹ̀yìn apá ró.
Ìpàdánù ìgbésókè: ìdínkù òjijì tí igun ìpàdé tí ó pọ̀ jù ń fà.

10. Ìkádìí

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò fi ọgbọ́n èdè kún iṣẹ́ rẹ̀, àti onímọ̀ èdè tí kò yẹ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wò, apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́kọ́ dán wọn wò níwájú akẹ́kọ̀ọ́: kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Bí ìdáhùn bá tọ́, ọ̀rọ̀ náà yẹ. Bí kò bá tọ́, kí wọ́n wá òmíràn, bí ó ti wù kí ti àkọ́kọ́ dùn tó létí.